Igi Ni Kí Ẹ Dín Kù, Ẹ Má Dín Atẹ́gùn Kù

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, Ẹ̀wà ni mò ń sè tà, igi ni mo sì fi ń dáná. Kí igi má baà tètè jó tán, mo máa ń kì í kún inú ààrò, màá wá fi páànù dí ẹnu rẹ̀. Èéfín ń ta mí lójú, ikọ́ ò sì jẹ́ kí n sùn. Oògùn wo ni kí n lò? (Ìyá Ẹlẹ́wà, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Mà, Ká tó dé orí oògùn, ẹ jẹ́ ká wo ìdí ààrò yín. Bí igi bá wọná, omi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbẹ; lẹ́yìn náà ló ń tú gáàsì sílẹ̀, gáàsì yìí ló sì ń di ọwọ́ iná. Bí ààrò bá gbóná dáadáa tí atẹ́gùn ń wọlé, púpọ̀ nínú rẹ̀ á jó. Bí ẹ bá dí ẹnu ààrò, gáàsì náà á jáde láìjó, òun lèéfín. Igi tí ẹ rò pé ẹ ń ṣọ́ lò gan-an ló ń ta yín lójú yẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí iná rọlẹ̀, ẹ fa igi kan tàbí méjì sẹ́yìn. Ẹ má dí ẹnu ààrò. Ẹ la igi tẹ́ẹ́rẹ́, kó mọ bí ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì máa kó eérú kúrò kí atẹ́gùn lè gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ẹnu ààrò sí ojú afẹ́fẹ́ líle, torí á máa gbé ooru sá kúrò nídìí ìkòkò. Ẹ tún wo igi fúnra rẹ̀. Igi tútù á máa hó ṣùùṣùù lẹ́nu, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ sì lè jẹ́ omi. Èyí tó gbẹ á ti sán lórí, bí ẹ bá gbá méjì pọ̀, á dún kó-kó. Kí èyí tó tútù lè gbẹ, ẹ tò ó sókè kúrò nílẹ̀, ẹ bo orí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún atẹ́gùn, fún bí oṣù mẹ́fà.

Àwọn kan á ní ìdí èéfín làwọn ìyá wa dàgbà sí. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó dàgbà nìkan ló kù tí à ń tọ́ka sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lọ́dún 2020. N'Ìbàdàn, àwọn olùwádìí tọpa aboyún 324. Nínú èsì tó jáde lọ́dún 2017, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba sítóòfù ẹtanọ́ọ̀lù kò ga tó ti àwọn tó ń bá igi tàbí kẹrosíìnì lọ. Àwọn mìíràn á ní ká kúkú lo èédú, torí kì í rú èéfín. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tó sé, èédú ń tú kábọ́ònù mọnọ́ksáìdì jáde, kò ní òórùn, kò ṣeé rí, ó sì ń pani lójú oorun.

Iná tó ń jó geere náà kò mọ́ tán. Ìta ni kí ẹ ti máa dáná, kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Bí ikọ́ yín bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé páànù yẹn kúrò lẹ́nu ààrò.