Eré Orí Fóònù, Ìdíje Ẹ̀bùn àti Àkókò Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí

 

 Ọ̀dọ̀ arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ẹ̀kọ́ oṣù yìí ti wá. Lẹ́yìn ìpàdé, nígbà tí àwọn yòókù ń ká ẹní, ó wá bá mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn eré orí fóònù tí wọ́n máa ń sanwó fúnni yìí, ṣé haràámù ni?" Mo bi í pé èwo ló ń ṣe nínú wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ má bínú sí mi, gbogbo wọn ni." Iṣẹ́ télọ̀ ni arábìnrin yìí ń ṣe. Kò tíì pẹ́ tí ó gba òmìnira, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní oníbàárà tirẹ̀.

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ohun tí ó pè ní ọ̀kan yìí, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, ìdájọ́ wọn kò sì rí bákan náà.

Eré fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan nínú wa máa ń yára pe ohun gbogbo tí ọ̀dọ́ bá fẹ́ràn ní haràámù, wọ́n a sì fi bẹ́ẹ̀ lé ọ̀dọ́ sá. Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Umar pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ẹṣin sáré ìje. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ti tọ́jú fún eré ìje bẹ̀rẹ̀ láti Al-Hafya títí dé Thaniyyatul-Wadá, àwọn tí wọn kò tọ́jú sáré láti ibẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí àwọn Banu Zurayq. Abdullahi fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gun ẹṣin lọ́jọ́ náà. Nínú ìwé Abu Dawud, a rí i pé Ànábì bá ìyàwó rẹ̀ Aisha sáré nígbà ìrìn-àjò, Aisha sì borí rẹ̀. Nígbà tí ó yá, tí ẹran ti kún ara Aisha, wọ́n tún sáré, Ànábì borí, ó sì fi ṣe àwàdà fún un pé àwọn ti di ọ̀mì.

Ibi tí owó bá ti wọ inú eré ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa bèèrè kò ṣòro rárá: owó ta ni ẹ̀bùn náà? Bí ẹni tí kò bá yín díje bá gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, tí ẹ kò san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọlé, tí ẹni tí kò borí kò sì pàdánù nǹkan kan, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ kò ka èyí sí tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́wàá bá dá igba náírà igba náírà, tí wọ́n ta ludo lórí fóònù, tí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀ lọ, tẹ́tẹ́ ni, ìbáà jẹ́ pé ọpọlọ ni ó fi borí. Tẹ́tẹ́ náà ni kẹ̀kẹ́ oríire tí a ń sanwó kí a tó yí i. Nínú Súrà Al-Maidah, ẹsẹ 90 àti 91, Ọlọ́hun ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti òrìṣà, Ó sì sọ ohun tí èṣù ń wá níbẹ̀ fún wa: ìkórìíra láàárín ara wa, àti kí a gbàgbé ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí.

Hàdíìsì kan tún wà tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, tí ó fi ẹ̀bùn ìdíje mọ sórí ọfà, ràkúnmí àti ẹṣin. Ohun ìjà àti ohun tí a fi ń gbáradì fún ogun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà náà. Àwọn onímímọ̀ kan dúró síbẹ̀ gan-an. Àwọn mìíràn, tí Ibn Taymiyyah wà lára wọn, ní ohun tó bá ń ran ẹ̀sìn lọ́wọ́ bíi ìmọ̀ wọ inú rẹ̀. Orí irú òye yìí ni ìdíje kíké Alùkùráánì lè dúró lé, irú èyí tí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá náà máa ń lọ. Ẹ̀bùn wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò gba ipò kankan á ṣì mú Alùkùráánì tí ó ti há sórí padà wálé.

Kí ni ẹni tí ó ń fi ìka tẹ ojú fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ máa mú padà wálé? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 2021, eré kan tí ń jẹ́ Axie Infinity gba ìgboro, pàápàá jù lọ ní orílẹ̀-èdè Philippines, níbi tí àrùn Kòrónà ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà náà, ènìyàn ní láti ra ẹranko inú eré náà mẹ́ta kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lówó a yá ti ẹlòmíràn lò, wọn a sì jọ pín èrè. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan fi bọ́ ilé wọn lóòótọ́, n kò níí parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ibo ni owó náà ti ń wá? Ọwọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tí wọ́n ń ra ẹranko, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí àwọn tó ń wọlé dín kù, iye owó inú eré náà já wálẹ̀. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn olè orí ayélujára wọ inú àpò ibi tí wọ́n ń kó owó náà pa mọ́ sí, wọ́n kó ohun tó ju 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Ọdún 2024 ni ó kan ilẹ̀ wa. Notcoin ló kọ́kọ́ dé lórí Telegram. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọjà nínú oṣù Karùn-ún, àwọn tó ti ń tẹ̀ ẹ́ rí nǹkan gbà. Ìròyìn yẹn ló sun gbogbo ènìyàn sínú Hamster Kombat. Ẹ̀yin náà rántí: nínú mọ́tò, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ẹ̀yìn kíláàsì ilé-kéwú, ìka kò dúró. Mo rí ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìkámà ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n pín in ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ohun tó kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ kéré débi pé wọn kò lè fi san owó dátà oṣù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ yọ àwọn kan kúrò pátápátá, wọ́n ní wọ́n ṣe màgòmágó.

Ọ̀nà mìíràn ni ti àwọn ojú ìwé ayélujára tí ń fúnni ní ẹ̀bùn fún wíwo ìpolówó tàbí dídáhùn ìbéèrè. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ polówó ọjà á san owó fún wọn, wọn á sì fún yín ní díẹ̀ níbẹ̀. Ojú yín ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ohun tó sì kéré ni wọ́n ń san fún ojú ọmọ Nàìjíríà, nítorí pé ẹni tó lè ra ọjà wọn ní Amẹ́ríkà tàbí ìlú Òyìnbó ni wọ́n ń wá. Wọ́n á tún fi òdiwọ̀n sí i: bí owó yín kò bá pé iye báyìí, ẹ kò lè gbà á. Ọ̀pọ̀ ni á ti sú kí ó tó pé, tí èyí tó ti kó jọ á sì wọmi.

Nítorí èyí, àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti ń lo ẹ̀rọ tí ó máa fi hàn pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á ní àwọn jẹ́ ẹni ogójì ọdún, àwọn ní ilé, àwọn ní ajá. Ẹ̀yin ará mi, irọ́ ni. Kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí ti ọkùnrin tí Ànábì bá lọ́jà, tí ó fi oúnjẹ tútù sábẹ́, tí ó fi gbígbẹ bò ó lójú. Ànábì sì yọ ẹni tó bá ń ṣe irú rẹ̀ kúrò lára wa. Owó tó bá ti ibẹ̀ jáde kò mọ́, bí eré náà tilẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ san nǹkan kí ẹ tó lè gba owó yín jáde, ẹ dìde níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tí CBEX ti owó àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀, àwọn tó ti pàdánù ni wọ́n tún ní kí wọ́n wá san 100 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àkáǹtì wọn lè ṣí.

Mo padà sọ́dọ̀ arábìnrin wa. Mo ní kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó kọ gbogbo wákàtí tí ó bá lò àti gbogbo owó tó bá wọlé fún ọgbọ̀n ọjọ́ sí i. Ó ṣe é tọkàntọkàn, mo yìn ín. Nígbà tí ó mú ìwé náà wá, wákàtí 52 ni. Owó tó wọlé jẹ́ 4,200 náírà. Dátà tí ó rà nítorí rẹ̀ jẹ́ 3,500. Ó ku 700 náírà fún wákàtí 52, ìyẹn náírà 13 àti díẹ̀ fún wákàtí kan. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí ẹnì kan bá fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 22, nǹkan bí irínwó náírà ni ó kan wákàtí kan, gbogbo wa sì ń pariwo pé kò tó.

Mo bi í pé: "Èló lẹ̀ ń gbà láti rán búbà àti ìró?" Kò dáhùn. Ó ní láàárín oṣù náà, oníbàárà méjì ló ti gba aṣọ wọn padà láìrán, nítorí ọjọ́ tí ó dá fún wọn kò bọ́ sí i. Ìwé kékeré náà kò gba ìyẹn sílẹ̀.

Tirmidhi gba á wá pé ẹsẹ̀ ẹrú kan kò níí kúrò níwájú Ọlọ́hun lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ títí wọn yóò fi bi í nípa ọjọ́ ayé rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀, ibi tí ó ti rí i àti ibi tí ó ná an sí. Nínú irú rẹ̀ mìíràn, wọ́n dárúkọ ìgbà ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ayé ti kó o sínú tẹ́lẹ̀. Mo ka èyí fún un. Mo tún rán an létí hàdíìsì Bukhari nípa ẹni tó mú okùn, tó lọ gbé igi wá lẹ́yìn ara rẹ̀ láti tà. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ìránṣọ ni okùn tèmi."

Ìbéèrè kan ló kù tí ó bi mí, òun ni mo sì rò pé ọ̀pọ̀ yín náà máa bi: kí ni kí ó ṣe sí owó tó ti gbà? Mo ní kí ó ya èyí tó wá láti inú kẹ̀kẹ́ tí ó sanwó yí sọ́tọ̀, kí ó fún aláìní, láìretí láádá lórí rẹ̀, nítorí kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìpolówó tí ó wò láìparọ́, kí ó mú un. Ó ṣí ìwé náà, ó ṣírò ó: 900 náírà ni ti kẹ̀kẹ́. Eré tí kò lówó nínú, ó ní òun á máa bá àwọn àbúrò òun ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn Ìṣáì. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀.