Ẹja pípa àti ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá: ohun tí a rí kọ́ létí odò

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ẹja pípa nínú odò. A kò fẹ́ kọ́ yín bí a ṣe ń pẹja. Àwọn apẹja mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ẹni tó bá gbé ìbéèrè èdè Faransé nìkan lọ sétí odò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò gbé bọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ rẹpẹtẹ.

1. Ìbéèrè kan, ìdáhùn púpọ̀

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin gbéra láti Calavi, ó di agbègbè Sábẹ̀. Odò Ouémé, èyí tó gùn jù ní ilẹ̀ Benin, ń gba agbègbè náà kọjá, Okpara tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ kò sì jìnnà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, á wá ku kòtò omi káàkiri, ẹja á há sínú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀kan nínú wa jẹ́ apẹja. Ọ̀dọ̀ wọn ni a dé sí. Ọjọ́ méjì ni a fi tẹ̀ lé wọn lọ sódò.

Ní ọjọ́ kìíní, ọ̀kan nínú wa yọ ìwé ìbéèrè rẹ̀ jáde, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń pe pêcher ní èdè wa?” Bàbá gbọ́ Faransé díẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n ní: “Pẹ̀lú kí ni, ọmọ mi?”

Ìbéèrè tí bàbá bi wa yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wa. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí. A kọ wọ́n ní Yorùbá àjùmọ̀lò kí ará Kétu, ará Àjàṣẹ́ àti ará Sábẹ̀ lè jọ kà wọ́n:

(a) Ó ju àwọ̀n sínú omi.
(b) Ó dẹ ìgèrè sétí odò.
(d) Ó fi ìwọ̀ pa ẹja.
(e) Ó fi ọ̀kọ̀ gún ẹja.
(ẹ) Wọ́n gbọ́n omi kòtò náà gbẹ, wọ́n kó ẹja inú rẹ̀.

Faransé lè lo pêcher fún gbogbo wọn, kó wá fi orúkọ ohun èlò tẹ̀ lé e: pêcher au filet, à la nasse, à la ligne. Yorùbá náà ní pa ẹja tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í sábà dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe gan-an ló máa ń sọ. A ń ju àwọ̀n sínú omi. A ń dẹ ìgèrè, nítorí pé a ó fi í sílẹ̀ ni, a ó sì padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀-ìṣe dẹ yìí kan náà ló wà nínú ọdẹ, òun náà ló sì wà nínú ìdẹ, ohun tí a fi sẹ́nu ìwọ̀ láti tan ẹja. Ẹni tó bá béèrè pêcher nìkan kò ní rí ìbátan àárín ọdẹ inú igbó àti apẹja inú odò.

Ẹ kíyè sí (ẹ) dáadáa. Gbọ́n ni iṣẹ́ ọwọ́, gbẹ ni àbájáde rẹ̀, kó ni ìparí rẹ̀. Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń kọ́ ní kíláàsì ló ń tò iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

2. Ṣé gbogbo pa ni pípa kú?

Ìwé atúmọ̀ yóò sọ fún yín pé pa ni tuer. Ṣùgbọ́n bàbá ní “Mo pa àrọ̀ méjì” nígbà tí àrọ̀ méjèèjì ṣì ń jà nínú igbá. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ lókè, nítorí náà ó máa ń pẹ́ kó tó kú lẹ́yìn tí a bá mú un kúrò lómi. Ẹ fi gbólóhùn méjì yìí wé ara wọn:

Mo pa àrọ̀ méjì, wọ́n ṣì wà láàyè.
*Mo pa ejò méjì, wọ́n ṣì wà láàyè.

Ti àkọ́kọ́ bọ́ sétí. Ìkejì tako ara rẹ̀. Èyí fi hàn pé nínú pa ẹja, mímú ẹja ni ìtumọ̀ dá lé, kì í ṣe ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ ló jọ ń gbé ìtumọ̀. Ẹ tún wo pa owó àti pa àlọ́: kò sí ẹni tó kú níbẹ̀.

3. Fáwẹ̀lì wo ló ń bọ́?

Létí odò, kò sẹ́ni tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìpajẹ ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́:

pa + ẹja → pẹja
dẹ + odò → dẹdò
tu + ọkọ̀ → tukọ̀
rí + ẹja → rẹ́ja

Nínú pẹja àti rẹ́ja, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló bọ́. Nínú dẹdò àti tukọ̀, ti ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe há òfin kan ṣoṣo sórí. Ẹ tún wo rẹ́ja: fáwẹ̀lì i ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ kò bá a lọ. Orí ẹ ló wá jókòó sí.

4. Apẹja àti ẹlẹ́ja

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ló sọ pẹja di apẹja, tó sì sọ tukọ̀ di atukọ̀. Oní ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tó ni nǹkan tàbí tó ń tà á: oní + ẹja di ẹlẹ́ja, oní + àwọ̀n di aláwọ̀n, oní + ọkọ̀ di ọlọ́kọ̀, ṣùgbọ́n oní + ìwọ̀ di oníwọ̀. Kọ́ńsónáǹtì n dúró níwájú i; níwájú a, e, ẹ, o àti ọ, ó di l. Kì í ṣe fọnọ́lọ́jì nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá ń gọ́kè odò bọ̀, àwọn ìyá tí wọ́n ń dúró pẹ̀lú abọ́ ni ẹlẹ́ja. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ló pín iṣẹ́ náà láàárín odò àti ọjà.

5. Ẹ fi àmì sí i

Ẹ wò ó bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ èyí sínú ìwé rẹ̀: “oko oko re wa ninu oko.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ni yóò mọ̀ pé Ọ̀kọ̀ ọkọ rẹ wà nínú ọkọ̀ ni? Àwọn àti àwọ̀n, ìwọ àti ìwọ̀, odò àti odó: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí ẹ bá sì ń lo álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa ti 1975, tí a tún ṣe ní 1990 àti 2008, pẹja yóò di kpɛja. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ohùn sílẹ̀.

6. Ìmọ̀ràn àti iṣẹ́ ṣíṣe

Ohun tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ kọ. Bí ẹni tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ bá lo ẹ̀ka-èdè Sábẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ti ilé-ìwé. Ní adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́, wọ́n máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi tẹ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sí abẹ́ rẹ̀, kó sì máa jẹun níbẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará etí omi náà fún un ni Faransé pàápàá yá, tó ń kọ ní acadja. Bí ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́ bá pe orúkọ yìí fún yín, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀; ẹ má hùmọ̀ òmíràn fún un. Ọ̀rọ̀ àyálò náà jẹ́ ẹ̀rí bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tinú-tòde ti ń dàgbà, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sì wà nílùú ńlá bíi tiwa. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé wọn dé ìdí iṣẹ́, kí ẹ tó yọ ìwé ìbéèrè.

Ẹ gbìyànjú àwọn wọ̀nyí wò:
(i) Ẹ so oní mọ́ òbòkún àti ìgèrè, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí n.
(ii) Ẹ fi mú rọ́pò pa nínú gbólóhùn méjì tó wà ní ìpín 2. Kí ló yí padà?
(iii) Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nílé yín ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tó jẹ mọ́ ẹja pípa. Ẹ kọ odidi gbólóhùn, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Bí wọ́n bá bi yín pé “Pẹ̀lú kí ni?”, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tó tọ́ ni ẹ wà.