Àwọn Tí Ń Ka Ìwé Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ rántí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. A rí i pé àmì kékeré lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ọkọ́ ni a fi ń roko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ láti Agége lọ sí Ìkẹjà. Bí ẹnìkan bá ṣi àmì yìí kọ, ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ́ yóò bá ara rẹ̀ ní gáréèjì. Ohun tí a fẹ́ kà lónìí jọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé kan wà nínú ara wa, ó sì wà nínú kòkòrò àrùn pẹ̀lú. Ojú lásán kò lè rí i. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ ọ́ sílẹ̀: A, C, G àti T. Jínóòmù ni wọ́n ń pe odindi ìwé náà. Ti ènìyàn tó bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Ti kòkòrò kòrónà jẹ́ nǹkan bí 30,000.

Gbogbo wa ni a mọ AA, AS àti SS, àbí? Kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó fẹ́ra, wọ́n á lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìdí rẹ̀ ni pé, ní ojú ibì kan nínú ìwé yìí, T wà níbi tí ó yẹ kí A wà. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Ẹni tí ó bá gba àṣìkọ yìí lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá ni ó ń ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. (Ẹ má ṣi í gbọ́ o: A tí ó wà nínú AS kì í ṣe A inú lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí.)

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2020, ọkùnrin ará Ítálì kan gba Èkó wọlé, ó sì lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ara rẹ̀ kò yá. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, àyẹ̀wò fi hàn pé kòrónà ni. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀rù bà wá ní agbègbè yìí, nítorí pé pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ni Ébólà gbà wọlé ní oṣù keje ọdún 2014. Bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń há ara wọn mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ọba Akran, Ògbà àti Orẹ́gùn.

Wọ́n fi díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gbà lára ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sí ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti ka ìwé kòkòrò náà, wọ́n sì fi han gbogbo ayé. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a kà ní ilẹ̀ Áfíríkà. A kò dúró de ará òkè òkun.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Ẹ̀rọ kì í ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní a fa ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ìwé ìròyìn kan náà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a dà wọ́n pọ̀ sínú agbọ̀n alákàrà, a wá ní kí ẹ tò wọ́n padà. Ẹ ó wá ibi tí ọ̀rọ̀ inú èyí ti bá ti inú ìyẹn mu, ẹ ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Iṣẹ́ náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ni ó ń tò ó, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tí yóò ṣe. Bí lẹ́tà tuntun bá yọjú, ènìyàn náà gbọ́dọ̀ bèèrè: ṣé kòkòrò ni ó yí padà, àbí ẹ̀rọ ni ó ṣi í kà? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ka ojú kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe iṣẹ́ wàdùwàdù. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, kí ó sì mọ ẹ̀kọ́ nípa ara.

Ìwé kòkòrò ti ọkùnrin náà jọ ti àwọn tí ń ràn kiri ní Yúróòpù nígbà náà. Bí kòkòrò bá ti ń bí sí i, a máa ṣi lẹ́tà kọ. Àṣìkọ wọ̀nyí ni a fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ojú ibì kan pàtó nínú ìwé kòkòrò ni àyẹ̀wò ń wò. Bí lẹ́tà ibẹ̀ bá yí padà tí ẹnikẹ́ni kò kà á, àyẹ̀wò lè sọ fún aláìsàn pé kò ní nǹkan kan. Òun náà á sì padà sídìí ẹ̀rọ, láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wa lọ tà ni." A kò bú ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Nínú iṣẹ́ HapMap tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, àwọn Yorùbá 90 ní Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. A kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ni a kọ sí i, kì í ṣe orúkọ. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń lò ó láti wá ìdí àìsàn. Síbẹ̀, ti àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú ìwé ènìyàn tí a ti kà.

Bí wọ́n bá mú ìwé wá bá yín ní ilé ìwòsàn pé kí ẹ fọwọ́ sí i fún ìwádìí, ẹ kà á fúnra yín. Ẹ bèèrè: Kí ni ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ mi wá? Ta ni yóò rí i? Bí mo bá yí ọkàn padà ńkọ́? Bí èsì kò bá yé yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ìka lásán ni púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.