Ẹ Má Kọ “numpy” Lásán: Bí A Ṣe Ń Pààlà fún Ẹ̀yà Láíbúrárì

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí n ṣe difẹ́ńsì nígbà tí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní kí n gbé e sórí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa. Oṣù Keje ọdún 2024 ni. Lórí láptọ́ọ̀pù mi, iṣẹ́ náà ń lọ geerege. Lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka, kò tilẹ̀ tíì ka dátà tán tó fi dákú. Ó ní wọ́n ti yọ `np.float_` kúrò nínú NumPy 2.0, kí n lo `np.float64`.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni NumPy 2.0 jáde, èmi ò sì gbọ́. 1.26.4 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Nínú `requirements.txt`, `numpy` nìkan ni mo kọ. Bí ẹ bá rán ọmọdé lọ ra ẹ̀wà láì sọ irú èyí tí ẹ fẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò rà. Ní ti pip, èyí tó tuntun jù tí Python yín lè gbà ló máa ń gbé wá.

Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa. Nínú 1.26.4, bí 1 bá yí padà, ó lè ba kóòdù àtijọ́ jẹ́. 26 ń sọ pé ohun tuntun wọlé. 4 jẹ́ ti àtúnṣe àṣìṣe. (1.26 tuntun ju 1.9 lọ o! Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń ka apá kọ̀ọ̀kan.) Àmọ́ ìlérí lásán nìyẹn, kì í ṣe òfin. NumPy 1.24 yọ `np.float` àti `np.int` kúrò, bẹ́ẹ̀ 1 tó wà níwájú kò yí padà.

Ohun tó yẹ kí n kọ ni `numpy>=1.24,<2`. Àwọn kan fẹ́ràn `~=`, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: `~=1.26` gba 1.26 àti èyíkéyìí tó tẹ̀ lé e títí dé ẹnu 2, `~=1.26.0` kò sì gbà ju ìdílé 1.26 lọ. Òdo kan ṣoṣo ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Bó bá sì jẹ́ orí ìlà àṣẹ lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ fi àmì àyọlò yí i ká: `pip install "numpy>=1.24"`. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bash yóò ka `>` sí àṣẹ pé kó kó èsì sínú fáìlì. NumPy tó tuntun jù ni yóò wọlé, ẹ ó sì bá fáìlì kan tó ń jẹ́ `=1.24` nínú fódà yín. Mo ti rí i lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta nínú kíláàsì wa, èmi náà sì wà nínú wọn.

Ààlà nìkan kò tó fún iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fẹ́ tún ṣe. pandas tí mo lò mú python-dateutil dání, òun náà sì mú six dání. Mi ò kọ ìkankan nínú wọn sílẹ̀. `pip freeze` ló ń to gbogbo wọn pẹ̀lú `==`. Ẹ kọ ẹ̀yà Python yín sí i pẹ̀lú, torí kò sí NumPy 1.26.4 tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ de Python 3.13, pip yóò fẹ́ kọ́ ọ fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ yín, ẹ ó sì jókòó tì í.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ láíbúrárì fún àwọn ẹlòmíràn lẹ ń kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi `==` síbẹ̀. Bí tiyín bá ní 1.26.4 nìkan lòun fẹ́, tí láíbúrárì kejì ní òun ò gbà ju 2 sókè, pip yóò kọ `ResolutionImpossible`, ẹni tó fẹ́ lo méjèèjì kò sì ní lè lò wọ́n pọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní ká má fi `<2` síbẹ̀ rárá. Fún láíbúrárì, mo gbà pẹ̀lú wọn. Fún iṣẹ́ àṣekágbá, mi ò gbà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi `<2` sí i, mo ṣẹ̀dá venv tuntun, ó sì ṣiṣẹ́. Mo ṣe difẹ́ńsì, kò sẹ́ni tó mọ̀. `<2` yẹn wà níbẹ̀ di oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí mo ráyè pààrọ̀ `np.float_` níbi 17 tí mo kọ ọ́ sí.