Ẹ Jẹ́ Kí Àbúrò Di Burette Mú: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ara Wa Ní Ìpàdé JETS

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ ní ìpàdé JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa. Titration ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí: burette kan, èèyàn mẹ́wàá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á máa ṣe é, àwọn yòókù á máa wòran. Tó bá parí, gbogbo wa á da iye kan náà kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò WAEC, kálukú ló máa ṣe tiẹ̀. Ìran wíwò ò lè gbà wá lọ́jọ́ náà.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó ń kọ́ni ṣe:

1. Kó jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àbúrò láti SS1 ni kó ṣí burette, ẹnu ni ẹ̀gbọ́n SS3 máa fi tọ́ ọ sọ́nà: "Rọra o, àwọ̀ ẹ̀ ti ń yí padà. Jẹ́ kó máa kán lọ́kọ̀ọ̀kan."

2. Kó sọ ìdí. Kó má kàn pàṣẹ pé omi nìkan la fi ń ṣan conical flask. Tá a bá fi base ṣàn án, díẹ̀ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Base inú rẹ̀ á wá ju 25 cm³ tí pipette wọ̀n lọ, ásíìdì tá a máa lò náà á sì pọ̀ jù.

3. Kó ní kí àbúrò ṣàlàyé padà. "Ṣó yé ẹ?" ò tó, torí gbogbo wa la máa ń dáhùn pé "ó yé mi." Fún un níṣẹ́: rough 24.90, èkíní 24.50, èkejì 24.60. Èwo la máa fi wá average? Tó bá rí 24.55 cm³, tó sì lè sọ ìdí tá a fi yọ rough kúrò, ó ti yé e nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n náà ń jèrè. Ìbéèrè àbúrò ló máa fi hàn án bóyá ohun tó mọ̀ yé e lóòótọ́ àbí ó kàn há a sórí. Tí kò bá mọ ìdáhùn, kí àwọn méjèèjì jọ lọ bi olùkọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹni tó béèrè ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí ló dé tí ojú wa fi gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tí ásíìdì dé nínú burette ká tó kà á? Wá ìdáhùn, kó o fi kọ́ ẹnì kan kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé.