Ẹ Má Tíì Ta Ilé

LẸ́TÀ: Wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára ìyàwó mi. Owó iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n tíì dá lé wa. Àwọn ẹbí ní kí n ta ilé kan ṣoṣo tí mo kọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí ìtọ́jú yìí yóò gbà títí dé òpin? — Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run yóò wo Ìyá Ìbejì sàn. Ẹ má fi iṣẹ́ abẹ falẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ta ilé. Ẹni tó bá ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí iṣẹ́ abẹ lè má rí ti kímò (oògùn líle tí ń gbógun ti jẹjẹrẹ) san, ìtọ́jú tó bá sì dúró lágbedeméjì ń fún àrùn láyè.

Kò sí ẹni tó lè ṣírò owó náà láìrí èsì àyẹ̀wò ER, PR àti HER2, tí wọ́n ń ṣe lórí ẹran tí wọ́n gé níbi kókó inú ọyàn náà. Òun ló ń tọ́ka sí oògùn. Bó bá jẹ́ irú tí họ́mónù ń bọ́ (ER tàbí PR), ó lè jẹ́ tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún 5 sí 10: owó rẹ̀ kò ga, àmọ́ ó ń pẹ́. Bó bá jẹ́ ti HER2, trastuzumab ni, lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún bí ọdún kan. Òun ló sábà máa ń wọ́n jù.

Ẹ ní kí dókítà kọ ètò ìtọ́jú sílẹ̀: kímò ẹ̀ẹ̀melòó, ìtànṣán ọjọ́ mélòó. Kí ẹ wá pín owó sí mẹ́ta: ti oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, èyí tó kù nínú ọdún yìí, àti ti ọdọọdún lẹ́yìn náà, ìyẹn oògùn, rírí dókítà àti mámógíráàmù. Ẹ fi ohun tí kì í sí nínú bíìlì kún un: owó ọkọ̀, oúnjẹ, àti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa wà ní títì. Ẹ bèèrè owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣáájú kímò kọ̀ọ̀kan. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí ti ń wá, owó wọn sì ń bá dọ́là lọ. Nítorí náà, ẹ máa tún un ṣírò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ bèèrè ní ilé ìwòsàn UCH nípa Cancer Health Fund, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún aláìsàn tí agbára rẹ̀ kò gbé e. Jẹjẹrẹ ọyàn wà lára àwọn àrùn tí owó náà wà fún. Bí ẹ bá ní adójútòfò ìlera, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń san lórí jẹjẹrẹ gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìwé ìṣirò owó náà síwájú ẹbí. Kí ẹnì kan gbé kímò kan, kí ẹlòmíràn gbé oògùn oṣooṣù. Bó bá wá di dandan kí ilé lọ, ẹ ó ti mọ iye tí ẹ ń wá, ẹ kò sì ní tà á ní gbàǹjo.