Ìtìjú Kọ́ Ni Yóò Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Ọ̀mùtí

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé awakọ̀ tó bá mutí wakọ̀, kí wọ́n dójú tì í ni. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí Facebook àti WhatsApp, kí ará ilé àti ará oko lè mọ̀ ọ́n. Mo mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Ẹni tó ti sìnkú èèyàn rẹ̀ tí ọ̀mùtí fi mọ́tò pa kò ní sọ pé ìyà yìí ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ fún wa, kí a má baà gbára lé ohun tí kò lè gbà wá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán an wò. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, láti ọdún 2004, òfin pàṣẹ nọ́ńbà ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi pupa kọ fún àwọn kan lára àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi pé wọ́n mutí wakọ̀. Ní Tennessee, òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006 ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí lára, kó máa ṣa ìdọ̀tí lẹ́bàá títì fún wákàtí 24. Ní Houston, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, adájọ́ Ted Poe pàṣẹ láàárín àwọn ọdún 1990 pé kí awakọ̀ kan tó mutí pa èèyàn méjì máa gbé pátákó dúró ní gbangba, kí ayé lè ka ohun tó ṣe.

Ẹ wò ó dáadáa. Ara mọ́tò ni wọ́n kan nọ́ńbà ìyeyè yẹn mọ́. Bí ìyàwó bá fi mọ́tò náà gbé ọmọ lọ síléèwé, òun àti ọmọ ló ń ru ẹ̀sín ohun tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́, níbi tí a ti ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ? Ẹni tó mọ̀ pé fọ́tò òun yóò kárí ayé, tó wá fi mọ́tò gbá èèyàn lóru, sísá ló máa sá. Yóò fi ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, nígbà tó yẹ kó sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Èyí tó burú jù ni pé ìtìjú wà lára ohun tí ọtí kọ́kọ́ ń mú kúrò lára èèyàn. Ọkùnrin tí kò lè gbójú sókè wo àna rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, òun ló ń sọ̀sọkúsọ níwájú àna kan náà. Làákàyè tó ń sọ fún wa pé ojú á tì wá náà ló ń sọ fún wa pé eré yìí ti pọ̀ jù. Ọtí ti pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, ìpinnu tó máa gbani là, kí a tó ṣí ìgò àkọ́kọ́ ni a ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà kò fẹ́ kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ju gíráàmù 0.05 lọ nínú mìlílítà 100. Ìgò bíà ńlá kan, ti 60cl, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, lè gbé ọkùnrin tó wọn kílò 70 dé ààlà yẹn. Ó sì máa ń tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kí ìgò kan tó kúrò lára. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó mu mẹ́rin, tó sùn, tó jí wẹ̀, tó wọ mọ́tò ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣì kọjá ààlà òfin. Omi tútù, kọfí, pẹpẹ súùpù gbígbóná, kò sí èyí tó ń lé e.

Ẹ̀yin awakọ̀ èrò, ẹ gbọ́ o. Ní ìdájí, kí mọ́tò tó kún, ìyá oníparaga ti to ìgò sórí bẹ́ǹṣì: egbò igi nísàlẹ̀, omi pípọ́n lórí. Awakọ̀ á gba ife péńpé kan, á dà á mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, á ní àgbo jẹ̀dí lòun mu. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò yẹn! Ẹ̀rọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń ní kí awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí kò mọ jẹ̀dí yàtọ̀.

Ohun tó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn wà. Ní New South Wales ní Ọsirélíà, láti oṣù Kejìlá ọdún 1982, ọlọ́pàá lè dá awakọ̀ yòówù dúró kó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ pé ó mutí tàbí kò mu. Ikú ojú títì dín kù gidigidi. Àwọn awakọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ lè tẹ àwọn lálẹ́ ọjọ́ yòówù. Irú rẹ̀ ló yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba: kí ẹ̀rọ yìí wà lójú títì lóru, ní òpin ọ̀sẹ̀, àti lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì ní ìdájí.

Àwa náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí ẹ bá rí ọ̀rẹ́ yín tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lọ sídìí mọ́tò, ẹ má gbé fóònù láti yà á, kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ gbà. Ìyàwó lè sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Bàbá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn, a ó wọ takisí lọ sílé.” Ẹ̀yin èrò, bí òórùn ọtí bá ń jáde lẹ́nu awakọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì pe FRSC lórí 122. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, nítorí bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à máa fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Kí ilé ẹjọ́ sì gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀ tí kò yí padà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ní òde ìnáwó ní Sátidé tó ń bọ̀. Kí ẹ tó wọ aṣọ ẹbí, ẹ ti yan ẹni tí yóò wakọ̀ yín padà sílé. Bí omi, bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, òun ni kó mu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.